Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀yìn Tírélà Wọlé

Porterville, Kalifọ́níà
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, ọdún 1997

Sat Sri Akal o, Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òjò, ẹ kú ẹrẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Rattoke? Orúnkún Ìyá mi ńkọ́? Ẹfọ̀n wa tó lóyún ńkọ́, ṣé ó ti bí? Asees ọmọ mi ní kí n kí yín. Ó ní kí ẹ fi ìrù ẹfọ̀n náà ránṣẹ́ sóun. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Bàbá, bí ẹ bá wà lórí ìdúró, ẹ wá ibi jókòó sí. Balkar ọkọ mi ṣubú láti orí tírélà. Ó gun orí ẹrù ọsàn láti fa okùn le, okùn já, òun náà já bọ́. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n ti fi irin sí i, kò sì sí ewu mọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àga ló jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń sanra, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà tí mo ti ń sè kó tó fẹ́ mi. Àmọ́ dókítà ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ohunkóhun nínú ọkọ̀ títí di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ọ̀gbẹ́ni Avila, ẹni tí à ń bá kó ọsàn láti oko lọ sí ilé tí wọ́n ti ń dì í, ti wá kí wa. Ó gbé àpótí ọsàn kan dání, ojú rẹ̀ ò le rárá. Ó ní bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọsàn tuntun nínú oṣù kọkànlá tí ọkọ̀ wa ò sí lóko, òun á fi ẹlòmíràn dí àyè wa. Kì í ṣe ìkà o. Ọsàn ni kì í dúró de egungun. Bí a bá sì pàdánù àyè yẹn, Bàbá, a ò lè rí i gbà padà mọ́. Àwọn tó ń wá a pọ̀ ju ewé lọ.

Ni mo bá ní èmi ni màá wà á. Ẹ má pariwo, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀. Mo ti yege ìdánwò orí ìwé. Wọ́n ní kí n yẹ ọkọ̀ wò, kí n dárúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀, mo dárúkọ wọn tán, mo tún fi ọ̀kan kún un. Fífi ẹ̀yìn tírélà wọlé ló dá mi dúró. Mo já. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń fúnni. Bí mo bá já lẹ́ẹ̀kẹta, àfi kí n padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé, ọsàn á sì ti lọ.

Balkar ń kọ́ mi o, àmọ́ ẹ̀kọ́ ọkọ sí aya nínú ọkọ̀, ìjà ni. Ojú fèrèsé ló ti ń ké. Bí mo bá ní kó ṣàlàyé fún mi, á ní òun ò mọ bí òun ṣe ń ṣe é, ọwọ́ òun ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ta ni mo ní láyé yìí tó mọ lọ́rì jù yín lọ? Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ kọ́ mi.

Ọmọ yín,
Ravneet


Rattoke, nítòsí Moga
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, ọdún 1997

Ravneet ọmọ mi,

Ọlọ́run á wo Balkar sàn. Kó máa mu wàrà, kó má sì gun orí ẹrù mọ́ láé. Ẹfọ̀n bí akọ, ìyá rẹ ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Háà, Ravneet! Ìwọ! Awakọ̀! Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń wo awakọ̀ lọ́rì nílẹ̀ yìí ni? Nígbà tí mo lọ tọrọ ìyá rẹ, bàbá rẹ̀ gbóòórùn ẹnu mi ná kó tó ní kí n jókòó. Kò sí ọtí níbẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Wọn kì í yá wa nílé, wọn kì í gbà wá gbọ́, bí adìẹ kan bá sọnù lábúlé tí a gbà kọjá, àwa la jí i. Mo ti jẹ ìyà yẹn tán nítorí tìrẹ. Ní gáréèjì yúníọ̀nù ní Moga, níbi tí mo ti ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì okùn mu tíì láràárọ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì ní Amẹ́ríkà, pé fáànù ń fẹ́ sí i lórí. Bí Bachittar bá gbọ́ èyí (o rántí rẹ̀, ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ jẹ́ wúrà), yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé orí igi tí wọ́n máa fi sun mí. Nítorí náà, má kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí. Àárín àwa méjì ni kó mọ.

Ìyá rẹ ní kí n yéé pariwo, kí n dá ọmọ lóhùn. Ó dáa.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi bàbá rẹ ti fi ìdí lọ́rì wọ ojú ọ̀nà kan ní Kolkata tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò lè yíjú padà nínú ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Torí náà, fi etí sílẹ̀. Ibi tí o bá fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ lọ, ibẹ̀ ni kí o yí sítíárìn sí. Ọ̀tún, ọ̀tún. Òsì, òsì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má wo jígí, jígí ń purọ́; yọ orí rẹ síta. Kí o sì máa fọn fèrè ọkọ̀ láìdábọ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn mọ̀ pé èèyàn gidi ló ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kì í fọn fèrè tó.

Ìyá rẹ ní ṣé o ń jẹun? Ó ní fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, ọrùn rẹ ti gùn jù.

Bàbá rẹ,
Mukhtiar Singh


Porterville
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, ọdún 1997

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo fẹ́ kí ìdí tírélà gba ọ̀tún, mo yí sítíárìn sí ọ̀tún. Ó gba òsì lọ. Mo ní bóyá mi ò yí i tó, mo tún yí i kún un. Ó túbọ̀ gba òsì, bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè níbẹ̀. Wọ́n to àwọn ike pupa ṣóńṣó kan sílẹ̀ tí èèyàn ò gbọdọ̀ fara kàn. Mo tẹ gbogbo tòsì pa. Nígbà tí nǹkan fẹ́ bàjẹ́, mo rántí fèrè. Mo fọn ọ́n, Bàbá. Mo fọn ọ́n bí ẹ ṣe ní kí n fọn ọ́n. Obìnrin tó ń dán mi wò dúró lẹ́yìn, ó ń kọ̀wé jẹ́jẹ́. Ó fò sókè! Bírò lọ sọ́tọ̀, ìwé lọ sọ́tọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ sọ́tọ̀. Kò tilẹ̀ ní kí n parí rẹ̀. Ó kàn ń fọwọ́ ṣe é pé kí n dúró, kí n sọ̀kalẹ̀, kí n máa lọ.

Bàbá, lọ́rì tiyín, ara kan ṣoṣo ló ní. Tírélà tiwa níbí ní ọrùn. Orí rẹ̀ lọ́tọ̀, ìdí rẹ̀ lọ́tọ̀, ọrùn ló so wọ́n pọ̀. Ohun tí ẹ bá sọ fún orí, òdìkejì rẹ̀ ni ìdí máa ṣe. Balkar sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tó ka lẹ́tà yín, ó ní ọ̀rọ̀ Bàbá ò bá tírélà mu. Mo ní kó dákẹ́. Mo ní bàbá mi ló kọ ọ́.

Ẹ ẹ̀ rí i báyìí, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ni wọ́n fún mi. Mo ti wá mọ̀ pé òdìkejì ni, àmọ́ mímọ̀ yẹn ò ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá ti dé ibẹ̀, mo ní láti ronú kí n tó yí i, kí n tó ronú tán, tírélà ti lọ sí ibi tó wù ú. Ìgbà kan wà lọ́sẹ̀ yìí tí mo jókòó sínú ọkọ̀ tí mo sunkún díẹ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe rótì fún oúnjẹ alẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ọ́fíìsì wo? Èmi ò sọ fún yín rí pé ọ́fíìsì ni mo wà. Orí ìdúró ni mo wà ní ilé tí wọ́n ti ń di ọsàn láti àwọn ọdún yìí wá, mo ń ṣa èyí tó rà kúrò nínú èyí tó dáa, kò sì sí fáànù. Bí ẹ ò bá fẹ́ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín pé mo fẹ́ di awakọ̀, kò burú. Àmọ́ ó dùn mí.

Ọmọ yín,
Ravneet


Rattoke
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, ọdún 1997

Ravneet,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo ti kà á.

Kò sí àbùkù nínú ẹ̀kọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ òdì lẹ̀ ń gbà lójú títì níbẹ̀ yẹn, gbogbo ayé ló mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó da ọ̀tún àti òsì rẹ rú nìyẹn. Lọ́rì ni lọ́rì. Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó fi iyọ̀ sínú tíì mi láàárọ̀ yìí, ó ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀.

Mukhtiar Singh


Rattoke
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, ọdún 1997

Ravneet ọmọ mi, ọmọ tí mo fẹ́ràn,

Má tíì dá mi lóhùn lẹ́tà ìjọ́sí. Ya á. Fi dáná.

Lẹ́yìn tí mo fi í ránṣẹ́ tán, ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn ò jẹ́ kí n jẹun. Orí lọ́tọ̀, ìdí lọ́tọ̀. Kí ló ní ọrùn lábúlé yìí? Mo ń rò ó títí, ni katakata àbúrò mi Darshan bá kọjá níwájú ilé, ó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù ìrẹsì lẹ́yìn. Orí lọ́tọ̀, ìdí lọ́tọ̀! Mo sáré tẹ̀ lé e.

Darshan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìrẹsì ló kún oko yìí, kí lẹ fẹ́ fi katakata ṣe?"

Mo ní, "Kò kàn ọ́. Bọ́ sílẹ̀."

Mo gbé e lọ sí ibi gbalasa tó wà lẹ́yìn ilé Màmá Jindo. Igi méjì wà níbẹ̀. Mo ní àárín wọn ni màá fi ìdí kẹ̀kẹ́ náà wọ̀. Mo yí i sí ọ̀tún, ó gba òsì. Mo bú u. Mo tún un ṣe, ó tún gba òsì. Mo sọ̀ kalẹ̀ mo yí i ká, mo ń wò ó bóyá ẹnìkan ló ń fà á. Ẹ̀ẹ̀kẹta, inú ti ń bí mi, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbìì! Ravneet, mo wó òkìtì ìgbẹ́ ẹfọ̀n Màmá Jindo, gbogbo èyí tó sá gbẹ, tó tò jọ, tó rẹ́ lára dáadáa láti fi dáná títí di ọdún tó ń bọ̀. Ó lulẹ̀ bẹẹrẹ.

Màmá Jindo jáde tòun ti ṣíbí ọbẹ̀. Ó ní, "Mukhtiar! Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ ọtí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, mo ń kọ́ nǹkan ni."

Ó ní, "Ṣé ìdí ìgbẹ́ mi ni ilé ìwé ẹ wà? Tò ó padà!"

Mo tò ó padà. Ọwọ́ lásán ni mo fi tò ó. Gbogbo abúlé wá wòran, ìyá rẹ náà wà níbẹ̀, ó ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé gáréèjì, Bachittar ti ń dúró dè mí. Ó ní, "Ẹ dìde o! Ọba ojú ọ̀nà ń bọ̀! A gbọ́ pé ẹrù ìgbẹ́ lẹ kó lánàá, Kábíyèsí. Mélòó ni wọ́n san fún yín?" Gbogbo wọn ń fọwọ́ gbá bẹ́ẹ̀dì. Eyín wúrà yẹn ń dán. Inú bí mi débi pé ẹnu mi yọ. Mo pariwo pé, "Ọmọ mi Ravneet ló ń ṣèdánwò tírélà ní Amẹ́ríkà! Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, pé kó yí sítíárìn síbi tó fẹ́ kí ìdí gbà, ló fi já! Mo sì fẹ́ mọ bí màá ṣe tún un kọ́!"

Mo ní ó tán. Mo ti ń wo ọ̀nà tí màá gbà jáde.

Bachittar gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ravneet? Ọmọ rẹ obìnrin?"

Mo ní, "Òun ni."

Ó ní, "Tírélà ọlọ́rùn?"

Mo ní, "Òun ni."

Ó ní, "Ìwọ wá ní kó yí i síbi tí ìdí ń lọ? Mukhtiar, orí ẹ pé báyìí? Òdìkejì ni, òpè!"

Ni ẹlòmíràn bá ní kì í ṣe òdìkejì ní gbogbo ìgbà. Ni ìjà bá dé. Wọ́n fi okùn so páálí ìṣáná méjì pọ̀, wọ́n ń wọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì, tíì dà nù, kò sẹ́ni tó rántí mi mọ́. Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́! Èmi nìkan ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ò sì tuntun. Lọ́jọ́ kejì gbogbo wọn kó wá sí Rattoke nínú lọ́rì kan, àgbààgbà awakọ̀, irùngbọ̀n funfun lọ súà. Wọ́n gun katakata Darshan lọ́kọ̀ọ̀kan. Bachittar kọlu igi. Darshan jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Ìgbà tó tún kàn mí, afẹ́fẹ́ kan dìde pẹ̀lú eruku oko, láwàní mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Àgbà bíi tèmi ò sì lè jẹ́ kí láwàní jábọ́ lójú ayé. Mo fi ọwọ́ kan di láwàní mú, ó wá ku ọwọ́ kan, ọwọ́ náà sì wà nísàlẹ̀ sítíárìn, níbi ikùn mi. Mo fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gba òsì, mo wọ́ ọwọ́ náà sí òsì. Ó gba òsì! Mo wọ́ ọ sí ọ̀tún, ó gba ọ̀tún! Mo fi í wọ àárín igi méjèèjì láìfara kan ewé. Bachittar pariwo pé, "Tún un ṣe!" Mo tún un ṣe. Gbogbo wọn ṣe é, gbogbo wọn ló wọlé. Màmá Jindo fún wa ní wàrà.

Torí náà, gbọ́. Ọwọ́ kan péré, nísàlẹ̀ sítíárìn. Ibi tí ọwọ́ yẹn bá lọ ni ìdí tírélà máa lọ. Má ronú ọ̀tún, má ronú òsì, ọwọ́ yẹn ni kí o máa bá lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Wo jígí, mo parọ́ mọ́ jígí. Má sì fọn fèrè.

Mo lọ sí ilé tẹlifóònù ní Moga láti pè ọ́ kó lè tètè dé etí rẹ. Asees ló gbé e. Mo ní, "Asees, èmi ni bàbá ìyá rẹ." Ó sọ òyìnbó sí mi, ó sì gbé fóònù kalẹ̀. Mo tún pè, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwà ìyá àgbà rẹ̀. Bachittar ní kí n jáwọ́ níbẹ̀, pé fóònù ò lè fi ọwọ́ hàn èèyàn. Àwòrán ọwọ́ àti sítíárìn nìyí nísàlẹ̀ ìwé. Ohun tó dà bí ìbẹ́pẹ yẹn, ikùn rẹ ni.

Kó dé bá ọ lásìkò, Ọlọ́run.

Bàbá rẹ,
Mukhtiar Singh


Rattoke
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 1997

Ravneet ọmọ mi,

A kí ọ o. Ọjọ́ ìdánwò ti kọjá tipẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé lẹ́tà mi dé? Ṣé kò dé? Mo ti pàdé oníkẹ̀kẹ́ ìfìwéránṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà abúlé títí ó fi ń gba ẹ̀yìn oko kó má bàá rí mi. Bí mo bá wọ gáréèjì, kò sẹ́ni tó ń kí mi mọ́. "Ó kọ̀wé?" ni wọ́n ń sọ. Bí mo bá ní rárá, wọ́n á mí kanlẹ̀. Bachittar ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun ò ní jẹ ohun dídùn títí esì á fi dé, ó sì ń jìyà.

Bí o bá yege, kọ ọ́. Bí o bá já, kọ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá já, kì í ṣe ìwọ lo já, èmi ni, màá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Balkar àti fún Avila fúnra rẹ̀, bí ẹnìkan bá lè bá mi kọ ọ́ lédè òyìnbó.

Ìyá rẹ ti ń lọ sí ilé àdúrà ní gbogbo òwúrọ̀, pẹ̀lú orúnkún yẹn.

Bàbá rẹ


Porterville
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá, ọdún 1997

Bàbá mi, Bàbá mi, Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Iṣẹ́ ló jẹ́ kí n pẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? IṢẸ́!

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìdánwò ni lẹ́tà yín wọlé. Balkar kà á sókè, nígbà tó dé ibi òkìtì Màmá Jindo, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di itan rẹ̀ mú pé "yéè!" Àmọ́ nígbà tó dé ibi ọwọ́ ìsàlẹ̀, ó gbé ìwé náà kalẹ̀. Ó gbé àwo oúnjẹ kan sókè, ó dì í mú bíi sítíárìn, ó wò ó, ó ní, "Ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe nìyẹn! Ravneet, ohun tó ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ yìí!"

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn àdúrà, a gbé ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìn gurdwara, ilé àdúrà wa níbí, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ jáde tọwọ́-tọwọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n jókòó lórí ògiri, wọ́n ń dájọ́. Ọwọ́ kan. Ó wọlé. Ó tún wọlé. Títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin yẹn náà ni mo bá. Nígbà tó rí mi, ó rìn lọ dúró sí òkèèrè. Bàbá, ó jìnnà! Mo wọ inú ọkọ̀, mo pe orúkọ Ọlọ́run, mo fi ọwọ́ kan sísàlẹ̀. Tírélà náà wọ àárín ike pupa yẹn bí ọmọ tó ń wọ inú ilé rẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo tún un ṣe. Ó sún mọ́ mi díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní, "Bàbá mi ni."

Ó ní, "Àti tìjọ́sí ńkọ́, ta ló kọ́ ọ níyẹn?"

Mo ní, "Bàbá mi náà ni."

Ó ní kí n kí yín. Lẹ́yìn náà a jọ jáde sójú títì, kò sí wàhálà níbẹ̀. Mo yege! Mo ti gba láísẹ́ǹsì, fọ́tò mi wà lára rẹ̀, ọrùn mi ò gùn rárá, ẹ sọ fún Ìyá mi.

Mo ti ń gbé ọsàn láti ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn awakọ̀ tó kù tò síwájú ilé tí wọ́n ti ń di ọsàn, wọ́n ń wò mí. Mo fi ẹ̀yìn wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gbẹ́ni Avila bọ́ fìlà, ó tún dé e, ó ní, "Àyè yín ni àyè yín." Balkar ló wá ń se ẹ̀wà báyìí, lórí àga. Kò dùn, àmọ́ a ń jẹ ẹ́.

Bàbá, inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo ń kọ. Àmọ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ẹ ti wá sọ fún wọn pé awakọ̀ ni mí. Nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀, tí ẹ bá jókòó láàárín wọn níbẹ̀, ṣé ojú ò ní tì yín?

Ọmọ yín,
Ravneet


Rattoke
Ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá, ọdún 1997

Ravneet, awakọ̀,

Lẹ́tà rẹ dé. Ó ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí mo ń kọ tèmi kẹ́yìn. Ìyá rẹ sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó fún ẹfọ̀n ní rótì. Mo gbé e lọ sí gáréèjì, mo gun orí bẹ́ẹ̀dì, mo kà á látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin olùdánwò lọ dúró sókèèrè, wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ kà. Bachittar jẹ dídùn títí inú fi run ún.

O bi mí ní ìbéèrè kan. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ àná fún ọ, kí o fi dá ara rẹ lóhùn.

O mọ̀ pé ní yúníọ̀nù wa, kò sẹ́ni tó lè kàn gbẹ́rù. Bí awakọ̀ bá dé, akọ̀wé á kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó, ẹni tó bá wà lókè ni ẹrù tó bá wọlé kàn. Akọ̀wé á pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí onítọ̀hún ò bá dáhùn, ó padà sísàlẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bachittar lọ bá akọ̀wé, ó ní kó kọ orúkọ rẹ sí i.

Akọ̀wé ní, "Ọkọ̀ rẹ̀ dà? Mi ò rọ́kọ̀."

Bachittar ní, "Ó wà ní Kalifọ́níà. Lọ wò ó, a ó dúró dè ọ́."

Ó kọ ọ́.

Mo rò pé eré ni, Ravneet. Mo ń wo orúkọ rẹ lójoojúmọ́ bó ṣe ń gòkè. Láàárọ̀ àná, ẹrù àlìkámà kan wọlé, Kolkata ló ń lọ. Gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ ẹrù Kolkata. Akọ̀wé jáde, ó wo pátákó, ó sọ ohùn sókè:

"Ravneet Kaur, ọmọ Mukhtiar Singh!"

Àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ ò yé ń wo ara wọn. Bachittar ò wo ojú mi.

Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ti ń pe orúkọ níbẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti dúdú, mi ò gbọ́ èyí tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kó tó gbé ẹfun láti pa á rẹ́. Ni mo bá dìde. Mo fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi dáhùn, àwọn tó wà ní ìsọ̀ òdìkejì títì yọjú wò:

"Ẹ gbé e fún ẹni tó kàn! Ọmọ mi ti gbẹ́rù!"

Èmi ni,
Bàbá Ravneet